Ẹ Ya Ilẹ̀ Mọ́ Ilé: Fàráńdà Màmá ní Bè-Kpota

Láràárọ̀, kí n tó lọ sọ́jà, mo máa ń gbé àga Màmá síta. Màmá ni ìyá ọkọ mi. Ojú wọn ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ó ti pẹ́. Wọ́n ń rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń rí òjìji ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í mọ ẹni tó jẹ́ àfi tó bá sọ̀rọ̀.

Ilé wa wà ní Bè-Kpota, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìhà ọ̀sà. Tí ẹ bá gbé àga lásán síbẹ̀, ẹni tó jókòó á kàn máa yọ̀ lọ ni. Nítorí náà mo ní àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí mo máa ń fi sábẹ́ ẹsẹ̀ àga lápá ìsàlẹ̀. Màmá á fi ẹsẹ̀ wá àfọ́kù náà kí wọ́n tó jókòó. Tí ẹsẹ̀ wọn bá ti kàn án, wọ́n á ní, "Ó dúró. Ọmọ dáadáa." N kò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń yìn tàbí àga náà.

Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà títí oòrùn á fi lé wọn wọlé. Wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí pé atẹ́gùn ọ̀sà ń dé ibẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn Gisèle, aládùúgbò wa tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tiwa. Gisèle máa ń bá àwọn adìẹ rẹ̀ jà ní Mina, èdè àwọn ará ìlú yìí, Màmá á sì máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn adìẹ náà ló ń jàre.

Nígbà tí ọkọ mi, Rótìmí, sọ pé òun fẹ́ kọ́ fàráńdà kí oòrùn má máa lé ìyá òun wọlé mọ́, inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Rótìmí ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní èbúté. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́, tó ń jẹ́ Sunday, ti kọ́ fàráńdà sí ilé tirẹ̀ ní àdúgbò Adakpamé. Fàráńdà náà rẹwà. Rótìmí ní kí Sunday fi fọ́tò pláànù rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp, ó sì lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn láàrin àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé nílẹ̀ àjèjì níhìn-ín. Ẹni tó bá ti kọ́lé á fún ọ̀rẹ́ ní pláànù, bí ìgbà tí ènìyàn yá aládùúgbò ní odó. Kò sẹ́ni tó kà á sí ohun tó burú.

Mo wo ìwé náà. N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo rí ohun tó wà níbẹ̀. Iwájú ilé nìkan ni wọ́n yà: òpó, òrùlé, ilẹ̀kùn láàrin. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ wọ́n fi rúlà fa ìlà kan tààrà. Ìlà yẹn ni ilẹ̀.

Lóòótọ́, ilẹ̀ Adakpamé rí bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ bí àwo. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Mo dá ìwé náà padà fún Rótìmí.

Rótìmí pe Jonas, bíríkìlà tó tún ògiri ẹ̀yìn wa ṣe. Ọmọ ìlú yìí ni Jonas, Mina ni èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá dáadáa nítorí ó ti bá àwọn èèyàn wa ṣiṣẹ́ pẹ́. "Davi" ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níhìn-ín. Ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó fa okùn láti ẹnu ọ̀nà lọ sí àwọn igun fàráńdà, ó sì rí i dájú pé okùn náà kò rẹlẹ̀ níbì kankan. Rótìmí ti sọ fún un pé ilẹ̀ fàráńdà gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ pálọ̀ dọ́gba. Kò fẹ́ kí ìyá òun máa sọ̀ kalẹ̀ rárá kí wọ́n tó jókòó.

Mo ń wo okùn náà. Lápá òkè, adìẹ Gisèle kò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo rìn tẹ̀ lé e lọ sápá ìsàlẹ̀. Ó ń ga sí i, tàbí kí n sọ pé èmi ni mò ń rẹlẹ̀. Nígbà tí mo dé igun ìkẹyìn, okùn náà kàn mí láyà.

Mo dúró síbẹ̀. Mo rò ó pé, ibi tí okùn yìí wà, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Màmá máa wà.

Mo bi Jonas ohun tó máa wà lábẹ́. Ó ní òun á to búlọ́ọ̀kù yípo, òun á da yanrìn kún inú rẹ̀, òun á sì fi kọnkéré bò ó. Mo bi í bóyá nǹkan máa wà létí rẹ̀ tí ènìyàn lè dì mú. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Kò sí i nínú pláànù.

"Tí a bá débẹ̀, a ó wò ó, Davi," ló wí.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí n kò fi pariwo. Fàráńdà ìyá ọkọ ni. Tí ìyàwó bá dìde pé kí wọ́n dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró, ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn máa sọ. Wọ́n á ní kò fẹ́ kí ìyá ọkọ òun rí ibi jókòó. Tí irú ọ̀rọ̀ yẹn bá fi lè dé ìjọ, kì í tán mọ́. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Ẹ̀rù bà mí.

Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, mo gbìyànjú. Bí Rótìmí ti ń jẹun, mo ní okùn Jonas ga lápá ìsàlẹ̀. Ó ní ti Sunday ti la òjò kọjá, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Mo ní ilẹ̀ Sunday tẹ́jú. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àbí o ò fẹ́ kí Màmá kúrò lórí àfọ́kù búlọ́ọ̀kù rẹ ni?"

Àwàdà ni. Mo mọ̀ pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n mo gbé àwo, mo sì wọlé lọ.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà rọ̀ lójijì, lọ́sàn-án. Jonas ti to búlọ́ọ̀kù díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, ó sì ti da yanrìn sẹ́yìn wọn. Omi tó ń ti òkè bọ̀ kò rí ọ̀nà míì. Ó gba inú yanrìn náà kọjá, ó gbẹ́ abẹ́ búlọ́ọ̀kù, ó sì gbé gbogbo ohun tó rí lọ sísàlẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, mo rí Gisèle tó ń gòkè bọ̀, erùpẹ̀ pupa ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Bonjour, Davi," ó ní. "Fàráńdà yín ti wá kí wa. Ó ti jókòó sínú ilé ìdáná mi. Ṣé kí n bu oúnjẹ fún un ni?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín nínú ilé. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bá a sọ̀ kalẹ̀ láti kó erùpẹ̀ náà. Ilé ìdáná Gisèle wà lábẹ́ igun fàráńdà wa gan-an, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti máa ń jẹun. Bí a ti ń fi ṣọ́bìrì kó o, ó wo òkè, ó wo àwọn búlọ́ọ̀kù tó ti tẹ̀. Kò ṣe àwàdà mọ́.

"Tí ògiri yẹn bá ti ga, tí yanrìn sì kún ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó wá," ó ní, "kì í ṣe kíkí ló máa wá kí wa."

Ìgbà yẹn ni mo pe Fúnkẹ́ lórí fóònù.

Fúnkẹ́ jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá Rótìmí. Ìbàdàn ló ti wá, kò tíì pẹ́ púpọ̀ níhìn-ín. Iṣẹ́ ìyàwòrán ilé ló kọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán ilé kan nínú ìlú. Mo dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mò ń pè é. Òun náà ń pè mí ní Ìyàwó wa.

"Eyínfúnjowó," mo ní, "ẹ wá bá mi wo fàráńdà Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni mo pè yín."

Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, Màmá ni òun ń bọ̀ wá kí.

Ó dé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Rótìmí wà nílé, Jonas náà ti wá wo ohun tí òjò bà jẹ́. Fúnkẹ́ kúnlẹ̀ kí Màmá, ó sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ wo ojú òun bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló béèrè pláànù. Ó wo ìwé, ó wo ilẹ̀, ó tún wo ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iwájú nìkan lẹ ní. Ẹ̀gbẹ́ dà?"

Rótìmí ní iwájú ni àwọn èèyàn ń wò. Fúnkẹ́ ní ẹni tó ń kọjá lọ ló ń wo iwájú. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé. Ó wá bi Jonas bóyá ó ní rọ́bà tó ń fi inú hàn, èyí tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti fi wọn ilẹ̀. Jonas fà á yọ nínú àpò rẹ̀.

"Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́," Jonas wí. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tẹ́jú nínú pláànù tí Fofo fún mi. Pláànù ni mo kọ́."

Rótìmí ni ó ń pè ní Fofo, ìyẹn ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí.

Wọ́n rọ omi sínú rọ́bà náà. Jonas di orí kan mú lẹ́nu ọ̀nà, Fúnkẹ́ sì ní kí èmi di ìkejì mú. A ń lọ láti igun kan sí ìkejì. Bí ilẹ̀ ti wù kó rẹlẹ̀ tó, omi orí méjèèjì á dúró ní ọgbọọgba. Níbi tí omi bá dúró sí, Fúnkẹ́ á wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní igun ìkẹyìn, omi náà gòkè, ó mì, ó sì dúró síwájú àyà mi, níbi tí okùn ti kàn mí.

"Omi kò mọ Adakpamé," Jonas wí.

Fúnkẹ́ wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Mo rò pé ilé ló máa kọ́kọ́ yà. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ yà, bó ṣe wọ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ló fa ìlà ilẹ̀ pálọ̀, ìlà ilẹ̀ fàráńdà, òpó, òrùlé, àti bí ìpìlẹ̀ ṣe máa jìn tó nínú ilẹ̀. Ó ya iwájú, ó ya ẹ̀gbẹ́ tó wà lápá òkè, ó ya ẹ̀gbẹ́ tó wà lápá ìsàlẹ̀, ìwé kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní fasáàdì ni àwọn oníṣẹ́ níhìn-ín ń pè é: bí ilé ṣe máa rí lójú ẹni tó dúró níwájú ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹni tó bá rí ọ̀kan lè fojú inú wo ìyókù. Lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan dà bí ilé mìíràn.

Lórí ìwé apá ìsàlẹ̀, ó ya ènìyàn kékeré kan tó mú ọ̀pá dání, létí fàráńdà. Ó ya ẹlòmíì sí ilẹ̀ nísàlẹ̀. Orí ẹni ìsàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ ẹni òkè lọ.

Rótìmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Màmá nìyẹn?"

"Màmá ni. Bí wọ́n ṣe ga tó gan-an ni mo yà wọ́n. Gisèle ló wà nísàlẹ̀."

Rótìmí na ọwọ́. Ó fi ìka bo etí fàráńdà náà lórí ìwé, níwájú ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dí i. Ìka rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, èmi ló wò.

"O sọ fún mi," ó ní.

Ìyẹn nìkan ló wí, ó sì tó mi.

Fúnkẹ́ ní ohun tó rọrùn jù ni kí wọ́n gbé fàráńdà lọ sápá òkè ilé, níbi tí kò ti ní ga kúrò nílẹ̀. Rótìmí gbà lójú ẹsẹ̀. Jonas náà gbà. Èmi ń wo Màmá. Wọ́n ti tẹ orí ba díẹ̀.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," Màmá ní. "Ibi tí ẹ bá gbé mi sí náà ni."

Mo mọ ohùn yẹn. Atẹ́gùn ọ̀sà kì í dé apá òkè. Ariwo Gisèle kì í débẹ̀. Mo la ẹnu.

"Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́. Ibi tí Màmá ti ń gbọ́ràn ni ojú wọn. Tí a bá gbé wọn sápá òkè, a ti dí ojú tó ṣẹ́ kù fún wọn."

Màmá na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń wá ọwọ́ mi, mo sì gbé e fún wọn.

Fúnkẹ́ mú ìwé mìíràn. Ó ní ó ṣeé ṣe, tí a bá ti lè mọ ohun tí ilẹ̀ ń béèrè. Fàráńdà náà á kúrú, kò ní nà dé igun ìsàlẹ̀ tí okùn ti kàn mí láyà. Ìpìlẹ̀ apá ìsàlẹ̀ á wọ inú ilẹ̀ líle, á máa sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn bí ilẹ̀ ṣe ń sọ̀, kò ní jókòó lórí erùpẹ̀ tí a dà. Ògiri tó máa gbé erùpẹ̀ dúró kì í ṣe ògiri lásán. Ó gbọ́dọ̀ ní irin àti kọnkéré, ẹnjiníà ibi iṣẹ́ òun ló sì máa sọ bó ṣe máa nípọn tó. A ó dá ihò sí ara rẹ̀ kí omi lè jáde, a ó sì la gọ́tà sápá òkè kí omi òjò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú fàráńdà á tẹ̀ síta díẹ̀, ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ Màmá kò ní mọ̀, kí òjò má baà wọ pálọ̀. Ní gbogbo etí rẹ̀, ògiri kúkurú àti irin tó ga dé ibi tí ènìyàn lè fi ọwọ́ dì í mú.

Mo bi í bóyá irin náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ara ilẹ̀kùn, kó lọ dé ibi àga, kí Màmá lè máa fọwọ́ tẹ̀ lé e. Ó yà á sí i.

Jonas fúnra rẹ̀ ló tú àwọn búlọ́ọ̀kù tó ti tò. Rótìmí kó àwọn àwòrán náà lọ sí mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, láti béèrè irú ìwé àṣẹ tó yẹ, a sì dúró títí ó fi jáde. Ó pẹ́ lójú Màmá.

"Rótìmí," wọ́n ní, "ṣé orí àwòrán ni màá jókòó lé?"

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Jonas lẹ àwọn àwòrán náà mọ́ ara ilẹ̀kùn. Kò to ìlà búlọ́ọ̀kù kankan láì kọ́kọ́ wá wò wọ́n. Tó bá rí ohun tí kò yé e, á pe Fúnkẹ́. Kò tún sọ pé tí a bá débẹ̀, a ó wò ó.

Iṣẹ́ parí kí òjò ńlá tó dé. Lọ́jọ́ tó dé, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣọ́ ọ. Omi òkè gba gọ́tà lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ń kán jáde lára ihò ògiri. Nígbà tó dá, Gisèle kígbe láti ìsàlẹ̀.

"Davi, fàráńdà yín ò wá kí wa lónìí o. Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

Màmá ní kí n sọ fún un pé ó ti dàgbà, ó ti ń jókòó sílé rẹ̀.

Màmá dìde. Wọ́n fọwọ́ kan irin lára ilẹ̀kùn, wọ́n sì tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́ títí dé ibi àga. Kí wọ́n tó jókòó, mo rí i tí ẹsẹ̀ wọn ń wá nǹkan kiri lábẹ́ àga.

"Àfọ́kù náà dà?"

"A ò nílò rẹ̀ mọ́, Màmá. Ilẹ̀ ti tẹ́."

Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n jókòó. Atẹ́gùn ọ̀sà dé, ariwo adìẹ tẹ̀ lé e.

"Ó dúró," wọ́n ní. "Ọmọ dáadáa."

Ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo wá mọ ẹni tí wọ́n ń yìn.

Àwọn tó ń ṣe ìlanilọ́yẹ̀ nípa ilé kíkọ́ ládùúgbò wa ni wọ́n ní kí n kọ èyí fún yín, ẹ̀yin tó fẹ́ kọ́ fàráńdà, tàbí àtẹ̀gùn, tàbí ògiri, lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́. Ẹ má yá pláànù ọ̀rẹ́. Ilé ọ̀rẹ́ lè jọ tiyín, ilẹ̀ rẹ̀ kò jọ tiyín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi omi wọn ilẹ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà dé igun gbogbo, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ sì ya gbogbo ẹ̀gbẹ́ fún yín, pẹ̀lú ìlà ilẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Tí ẹ bá rí àwòrán ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ tọ́ bíi rúlà, tí ilẹ̀ tiyín sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ dá a padà.

Ẹ bi wọ́n pé níbo ni omi máa gbà. Ẹ ronú nípa aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀, nítorí ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, orí rẹ̀ ló máa bọ́ sí. Ẹ lọ sí mairie kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá kọ́ ọ tán. Tí ìyàwó ilé, tàbí ẹnikẹ́ni tó ń gbé inú ilé náà, bá ní nǹkan kan ń ba òun lẹ́rù, ẹ fi àwòrán hàn án kí ẹ tó fi í ṣẹ̀rín.

Kí ẹ tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, ẹ ya ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù sí etí rẹ̀ lórí ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀.